Abọ́yadé, ọmọ Awẹ́ tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wá ọ̀nà tí owó ìjọba yóò gbà dé abúlé

Lóṣooṣù ni àwọn aṣojú ìjọba àpapọ̀ àti ti àwọn ìpínlẹ̀ máa ń jókòó láti pín owó tó wọ àpò orílẹ̀-èdè yìí. Ẹ̀yin òǹkàwé wa tó wà ní ìgbèríko máa ń gbọ́ iye rẹ̀ lórí rédíò: bílíọ̀nù mélòó fún ìjọba àpapọ̀, mélòó fún ìpínlẹ̀, mélòó fún ìjọba ìbílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, afárá ọ̀nà oko lè ti wó láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kí ẹ̀gẹ́ àti kòkó máa bàjẹ́ sóko nítorí pé ọkọ̀ kò rí ọ̀nà gbà. Ta ló ń pinnu ohun tó kàn wá? Kí ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó pín in? Kí ló dé tí kì í fi í dé ọ̀dọ̀ wa?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun. Ọmọ Yorùbá kan wà tó fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún wá ìdáhùn sí i, nínú ìwé, nínú ìjọba àti ní ìlú tí wọ́n bí i sí gan-an. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀jẹ̀túnjí Abọ́yadé ni. Oṣù Kejìlá, ọdún 1994 ló kú, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lè má mọ orúkọ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó ń gbọ́ ìròyìn ní ọdún 1977 kò ní í ṣàìrántí ìgbìmọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìgbìmọ̀ Abọ́yadé.

Láti Awẹ́ dé Cambridge

Ọdún 1931 ni wọ́n bí Abọ́yadé sí ìlú Awẹ́, nítòsí Ọ̀yọ́, ìlú tó wà lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Afijió ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lónìí. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ méjèèjì kò nílò àlàyé púpọ̀: ọ̀jẹ̀ ni à ń pe àwọn eléégún, Ọya sì ni orúkọ ìdílé náà ń tọ́ka sí. Àwọn òyìnbó ló ń ṣèjọba lórí wa nígbà náà. Ọdún tí wọ́n bí i yìí bọ́ sí àsìkò tí ọrọ̀ ajé gbogbo àgbáyé dẹnu kọlẹ̀, tí owó kòkó, epo pupa àti ẹ̀pà já wálẹ̀ lọ́jà òkèèrè, tí àgbẹ̀ ilẹ̀ wa tí kò mọ ohunkóhun nípa ìlú òyìnbó sì ń jìyà ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún.

Ó kàwé débi tó fi wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ìlú Hull ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tó ti kọ́ ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé. Láti ibẹ̀ ló ti kọjá sí Yunifásítì Cambridge, tó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé. Nígbà tó fi máa padà wálé, Nàìjíríà ń gba òmìnira lọ́wọ́. Ìbàdàn ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tó di yunifásítì tó dá dúró ní ọdún 1962. Ibẹ̀ náà ló ti di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ní ọdún 1966, ìwé ńlá kan tó kọ jáde, Foundations of an African Economy ni àkọlé rẹ̀. Ohun tó wádìí nínú ìwé náà ni bí Nàìjíríà ṣe ń náwó sórí ohun tó lè mú owó mìíràn wá: ilé iṣẹ́, ọ̀nà, ẹ̀rọ àti ilé. Irú iṣẹ́ yìí ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà nígbà náà, nítorí àwọn òyìnbó ló sábà máa ń kọ̀wé nípa ọrọ̀ ajé wa, tí àwa yóò wá máa kà á.

Ètò ìdàgbàsókè lẹ́yìn ogun

Nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ ṣe ètò ìdàgbàsókè olọ́dún púpọ̀ lẹ́yìn òmìnira, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1962 tí wọ́n ṣètò pé kó parí ní 1968, àwọn àlejò wà lára àwọn tó di ìwé náà mú jù lọ. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan tó ń jẹ́ Wolfgang Stolper, tó wá láti Amẹ́ríkà, ló wà nídìí rẹ̀. Àwọn olùkọ́ Nàìjíríà tó wà ní yunifásítì, Abọ́yadé sì wà lára wọn, yẹ ètò náà wò fínnífínní. Ohun tó jẹ wọ́n lọ́kàn ni pé ẹni tó ni ilé ló yẹ kó mọ ibi tí ilé ti ń jò.

Ogun abẹ́lé wá bẹ́ sílẹ̀ ní 1967. Ní oṣù Kẹta, ọdún 1969, tí ìbọn ṣì ń dún, àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba péjọ sí Ìbàdàn láti jíròrò lórí bí wọn yóò ṣe tún orílẹ̀-èdè kọ́ bí ogun bá parí. Ogun parí ní oṣù Kìíní, ọdún 1970. Ètò ìdàgbàsókè kejì, èyí tó wà fún ọdún 1970 sí 1974, jáde ní ọdún náà. Abọ́yadé wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ṣe gudugudu méje láti kọ ọ́.

Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ètò yìí àti èyí tó ṣáájú rẹ̀. Yàtọ̀ sí iye ọ̀nà àti iye ilé ìwòsàn, ó sọ irú orílẹ̀-èdè tí a fẹ́ kọ́ ní ohun márùn-ún: orílẹ̀-èdè tó ṣọ̀kan tó sì gbára lé ara rẹ̀, ọrọ̀ ajé tó lágbára, àwùjọ tí kò ti sí ìrẹ́jẹ, ilẹ̀ tí àǹfààní ti wà fún gbogbo ọmọ ìlú, àti àwùjọ olómìnira. Ọ̀rọ̀ àǹfààní fún gbogbo ọmọ ìlú yìí ni ẹ fi sọ́kàn, nítorí òun ni Abọ́yadé tún gbé dé lẹ́yìn ọdún méje, tí ariyanjiyan sì ṣẹlẹ̀.

Kó tó di ìgbà náà, iṣẹ́ mìíràn kàn án. Ní ọdún 1975, ìjọba àpapọ̀ gba Yunifásítì Ifẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ọdún yẹn kan náà ni Abọ́yadé di gíwá yunifásítì ọ̀hún, tó gbapò lọ́wọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Hezekiah Oluwasanmi. Ó wà nípò náà títí di 1978.

Ìgbìmọ̀ Abọ́yadé, ọdún 1977

Kí ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ yìí tó lè yé wa, ó yẹ ká rántí bí wọ́n ṣe ń pín owó tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 1946 tí àwọn òyìnbó ti gbé ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ kalẹ̀ lábẹ́ Sydney Phillipson ni àwọn ẹkùn ti ń jà lórí rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, ohun tó gbajúmọ̀ ni pé kí owó padà síbi tó ti wá. Èyí dára fún Ìwọ̀-Oòrùn nítorí kòkó, àwa náà sì mọ̀ ọ́n lára. Nígbà tí epo rọ̀bì wá di ọ̀gá lórí gbogbo ọjà, àwọn tí kò ní epo bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe, àwọn tó ní in náà sì ń kígbe. Ìgbìmọ̀ kan tí Olóyè Isaac Dina ṣe alága rẹ̀ ní 1968 gbé ìmọ̀ràn tirẹ̀ wá, ìjọba kò gbà á. Ní 1970, ìjọba ológun pàṣẹ pé kí wọ́n pín owó tó jẹ́ ti gbogbo ìpínlẹ̀ sí ọ̀nà méjì: kí gbogbo ìpínlẹ̀ pín ìdajì ní dọ́gbadọ́gba, kí wọ́n sì fi iye èrò pín ìdajì kejì.

Wàhálà wà nínú iye èrò. Èsì ìkànìyàn ọdún 1973 dá awuyewuye sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Murtala Muhammed fi wọ́gi lé e ní 1975. Ní 1976, àwọn ìpínlẹ̀ pọ̀ sí i láti 12 sí 19. Ọdún yẹn náà ni ìjọba ológun tún ètò ìjọba ìbílẹ̀ tò jákèjádò orílẹ̀-èdè, tó sì sọ ọ́ di ìpele kẹta ìjọba. Ìjọba ìbílẹ̀ ti wà, ṣùgbọ́n kí ni yóò máa jẹ? Inú ọ̀rọ̀ yìí ni ìjọba Ọbásanjọ́ gbé Abọ́yadé àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ sí ní 1977.

Ìdáhùn ìgbìmọ̀ náà pín sí ọ̀nà méjì. Ẹ jẹ́ ká fi náírà kan tó jẹ́ 100 kọ́bọ̀ ṣàlàyé rẹ̀. Nínú náírà kọ̀ọ̀kan, ìgbìmọ̀ ní kí ìjọba àpapọ̀ mú kọ́bọ̀ 57, kí àwọn ìpínlẹ̀ mú 30, kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mú 10, kí kọ́bọ̀ 3 tó kù wà fún àwọn agbègbè tí wọ́n ti ń wa ohun àlùmọ́nì àti àwọn ibi tí àjálù bá. Ìgbìmọ̀ yìí fẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ ní ìpín tirẹ̀ pàtó, kó má baà máa dúró dé ohun tó bá ṣẹ́kù sọ́wọ́ ìpínlẹ̀.

Ọ̀nà kejì ló ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Nígbà tó kan pínpín láàárín àwọn ìpínlẹ̀, Abọ́yadé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò dárúkọ iye èrò, wọn kò sì dárúkọ ibi tí owó ti wá. Ìlànà márùn-ún ni wọ́n gbé kalẹ̀. Àkọ́kọ́, tó gba 25 nínú 100, ni kí gbogbo ibi ní àǹfààní kan náà láti dàgbà sókè. Èkejì, tó gba 22, ni kí ìgbé ayé ọmọ Nàìjíríà kankan má ṣe rẹlẹ̀ ju ìwọ̀n kan lọ, níbikíbi tó bá ń gbé. Ẹ̀kẹta, tó gba 20, ni pé kí wọ́n wo agbára ìpínlẹ̀ láti lo owó tó bá gbà. Ẹ̀kẹrin, tó gba 18, ni kí wọ́n wo akitiyan ìpínlẹ̀ láti pawó fúnra rẹ̀. Ìkarùn-ún, tó gba 15, ni kí wọ́n wò bóyá ìpínlẹ̀ ń ṣọ́ owó ná bó ṣe yẹ.

Ẹ tún un wò. Méjì àkọ́kọ́ ń bi ìjọba léèrè ohun tí àwọn ènìyàn ṣaláìní. Mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ń bi ẹni tó fẹ́ gbowó léèrè ohun tó ti fi èyí tó gbà tẹ́lẹ̀ ṣe. Bàbá tó ń pín ilẹ̀ oko fún àwọn ọmọ mọ irú ọgbọ́n yìí: yóò wo ẹni tí kò ní, yóò sì tún wo ẹni tó ń ro oko rẹ̀.

Ìdí tí wọn kò fi gbà á

Ìjọba ológun gba ìmọ̀ràn náà lẹ́yìn tó ṣe àtúnṣe díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé iwájú àwọn aṣojú tó ń ṣe ìwé òfin tuntun fún ìjọba alágbádá ní 1978, wọ́n kọ̀ ọ́. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó le jù, pé ìmọ̀ ìwé ti pọ̀ jù nínú rẹ̀.

A kò lè sọ pé gbogbo àwọn tó kọ̀ ọ́ ló ṣe àṣìṣe. Ó rọrùn láti ka iye ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n báwo ni ènìyàn yóò ṣe wọn agbára láti lo owó? Ìṣirò tí ìlànà náà ń béèrè pọ̀ ju àkọsílẹ̀ tó wà nílẹ̀ lọ nígbà náà. Ìpínlẹ̀ tí kò ní òṣìṣẹ́ tó mọ̀ṣẹ́ lè wá pàdánù owó tó yẹ kó fi kọ́ òṣìṣẹ́. Ọ̀rọ̀ pípa owó fúnra ẹni náà sì gún àwọn olóṣèlú lára, pàápàá ní ilẹ̀ Yorùbá. Kò tíì ju ọdún mẹ́wàá lọ tí àwọn àgbẹ̀ fi dìde sí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lórí owó orí, nínú rògbòdìyàn Àgbẹ́kọ̀yà ọdún 1968 sí 1969. Olóṣèlú tó rántí ìyẹn yóò ro ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó gba òfin tí yóò ní kó lọ máa gba owó orí sí i.

Ní 1979, ìjọba Ṣàgàrí gbé ìgbìmọ̀ mìíràn kalẹ̀ lábẹ́ Ọ̀mọ̀wé Pius Okigbo. Òfin tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ padà sórí iye èrò àti ìpín ọgbọọgba.

Síbẹ̀, bí igi bá wó, gbòǹgbò lè kù nílẹ̀. Nínú ìlànà tí wọ́n ti ń lò láti ìgbà pípẹ́ láti pín owó láàárín àwọn ìpínlẹ̀, ìpín ọgbọọgba gba 40 nínú 100, iye èrò gba 30, ilẹ̀ àti bó ṣe rí gba 10, ìgbé ayé aráàlú bíi ẹ̀kọ́ àti ìlera gba 10, owó tí ìpínlẹ̀ ń pa fúnra rẹ̀ gba 10. Ẹni tó bá mọ ìtàn Abọ́yadé yóò rí i pé méjì tó gbẹ̀yìn jọ ohun tó ń wí. Ṣùgbọ́n ìkarùn-ún tirẹ̀, èyí tó ní kí wọ́n wo bí ìpínlẹ̀ ṣe ń náwó, kò sí níbẹ̀. Owó tuntun ń dé lóṣooṣù, kò sì sí ohun tó dín in kù nítorí pé èyí tó kọjá ṣòfò.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà padà sí Awẹ́

Bí wọ́n ṣe kọ ìmọ̀ràn náà kò mú kí Abọ́yadé káwọ́ gbera. Láti orí ìjọba àpapọ̀, ó yíjú sí ìsàlẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti ìlú, Akin Mábògùnjẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ló bá a ṣe é. Ẹlẹgbẹ́ ni wọ́n, ọdún 1931 ni wọ́n bí àwọn méjèèjì, wọ́n sì jọ ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn.

Ètò kan tí wọ́n sọ ní OPTICOM ni wọ́n gbé kalẹ̀, Awẹ́ ni wọ́n sì ti dán an wò. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ kò ṣòro. Àwùjọ kọ̀ọ̀kan ní láti mọ ààlà rẹ̀, kó mọ iye ènìyàn àti ohun ìní tó wà nínú rẹ̀, kó fẹnu kò lórí ohun tó nílò jù, kó sì kó ara rẹ̀ jọ kí ìrànlọ́wọ́ ìjọba tó dé. Àwọn Yorùbá ti ń ṣe ọ̀wẹ̀, àáró, èésú àti ẹgbẹ́ tipẹ́tipẹ́. Ohun tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjèèjì rí ni pé orí irú ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìdàgbàsókè ìgbèríko lè dúró lé. Bí owó bá dé ibi tí kò ti sí ẹgbẹ́ tó lè bèèrè rẹ̀, ọwọ́ ẹnì kan ni yóò parí sí.

Aya rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bímpé Abọ́yadé, tó jẹ́ onímọ̀ nípa ilé ìkàwé, náà ṣiṣẹ́ lórí ọ̀nà tí ìròyìn àti ìmọ̀ yóò gbà máa dé ọ̀dọ̀ àwọn ará abúlé. Ọkọ ń wá ọ̀nà tí owó yóò gbà, aya ń wá ọ̀nà tí ìmọ̀ yóò gbà.

Nígbà ìjọba Ibrahim Babangida, Abọ́yadé di alága ìgbìmọ̀ tó ń gba ààrẹ nímọ̀ràn. Ní 1986, ìjọba náà dá àjọ DFRRI sílẹ̀ fún oúnjẹ, ọ̀nà àti ohun amáyédẹrùn ìgbèríko. Ìrònú Abọ́yadé àti Mábògùnjẹ́ wà lára ohun tó bí i. Ọ̀nà ìgbèríko tí gígùn rẹ̀ tó 60,000 kìlómítà ni wọ́n ṣètò fún ní ìpele àkọ́kọ́, yàtọ̀ sí omi àti iná mànàmáná. Ní 1990 ni báńkì aráàlú, tí wọ́n ń pè ní community bank, bẹ̀rẹ̀, Mábògùnjẹ́ sì ni alága àjọ tó ń bójú tó o.

Òótọ́ kì í ṣe dídùn nìkan. Àwọn ọ̀nà kan wà tí DFRRI ṣe tí àwọn àgbẹ̀ jàǹfààní rẹ̀. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ sì wà tó jẹ́ pé orí ìwé nìkan ni wọ́n ti parí. Ní 1993 ni wọ́n tú àjọ náà ká. Bákan náà, ìjọba tí Abọ́yadé ń gbà nímọ̀ràn ló mú ètò SAP wá ní 1986, tí náírà já wálẹ̀, tí ayé sì le fún ọ̀pọ̀ ìdílé. Àwọn kan bá a wí pé ó sún mọ́ ìjọba ológun jù. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìmọ̀ràn òun dé etí ọba ní láti wọ ààfin, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ ààfin yóò pín nínú ẹ̀bi ohun tí ọba bá ṣe.

Ohun tó kù fún wa

Abọ́yadé kò dàgbà púpọ̀ kó tó kú ní 1994, ẹni ọdún 63 ni. Mábògùnjẹ́ lo ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lókè eèpẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kó tó kú ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2022. Àwọn báńkì aráàlú ní láti di báńkì alábọ́ọ́dé nígbà tó fi máa di òpin 2007.

Ìpín ìjọba ìbílẹ̀ ńkọ́? Kọ́bọ̀ 10 ni Abọ́yadé ní kí wọ́n mú nínú náírà kọ̀ọ̀kan. Ó ti lé ní kọ́bọ̀ 20 nínú ìlànà tó wà nílẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n ìwé òfin ọdún 1999 ní kí owó náà gba inú àpò kan tí ìpínlẹ̀ ń bójú tó kọjá, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn ti ń wá. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà.

Bí owó náà bá dé ọ̀dọ̀ alága ìjọba ìbílẹ̀, ìdajì iṣẹ́ Abọ́yadé ló ṣẹ yẹn. Ìdajì kejì wà lọ́wọ́ àwa tó wà nílé: ẹgbẹ́ tó mọ ohun tí àdúgbò nílò, tó mọ iye tó wọlé lóṣù tó kọjá, tó sì lè lọ bèèrè ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ ohun tí wọ́n fi ṣe. Ìbéèrè tí ìjọba yọ kúrò nínú òfin, ẹnikẹ́ni kò lè yọ ọ́ kúrò lẹ́nu aráàlú.